ONÍLÉ-ỌTÍ, PÁTÁKÓ BÍÀ KÌ Í ṢE LÁÍSẸ́ŃSÌ O!

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan wà ní Ọ̀rà Ìgbómìnà tó ń ta bíà àti ẹmu. Àwọn oníbíà gbé pátákó aláràbarà wá fún un lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n kàn án síwájú ṣọ́ọ̀bù, inú ìyá dùn. Ó di ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dé.

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Owó pátákó yín dà?"

"Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo ni ín. Àwọn oníbíà ló gbé e wá."

"Ó dáa. Láísẹ́ńsì ọtí yín ńkọ́?"

Ìyá nàka sí pátákó: "Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn. Pátákó ń pe oníbàárà ni. Láísẹ́ńsì ló ń sọ pé ìjọba gbà kí ẹ tà á.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, fi méjèèjì sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀: láísẹ́ńsì ọtí títà, àti àbójútó pátákó ìpolówó. Fún ará Ọ̀rà, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ni, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òkè-Ìlá. Òfin owó-orí ti 1998 náà to owó méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láísẹ́ńsì ọtí alára pín sí méjì: ti ẹni tí oníbàárà ń jókòó mu lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ti ẹni tó ń tà á fún àmúlọ.

Òfin 1998 yìí kan náà ló ní kí wọ́n má ṣe lo ọlọ́pàá láti gba irú owó bẹ́ẹ̀ àyàfi ní ìbámu pẹ̀lú òfin owó-orí, kí ẹnikẹ́ni má sì dí ojú ọ̀nà nítorí rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá wá, ẹ má sá, ẹ má sì jà. Ẹ ní kí wọ́n fi káàdì iṣẹ́ wọn hàn. Ẹ bi wọ́n pé owó wo nìyí. Bí kò bá sí rìsíìtì káńsù, kówó má kúrò lápò yín. Oníbíà tó bá sì gbé pátákó wá, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kàn án: ta ni yóò máa sanwó rẹ̀?

Láti November 2005, òfin ọtí ti 2003 ti mú un ní dandan fún ẹni tó ń ta ọtí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan àwọn èèyàn wa tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, pé kó so ìwé tó ṣàlàyé láísẹ́ńsì rẹ̀ síbi tójú ti máa rí i. Ẹni tí kò bá so ó lè san owó ìtanràn. Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí tiyín fi wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ? Ẹ fi gíláàsì bò ó, kí ẹ gbé e kọ́ ògiri.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: A KÌ Í TA ỌTÍ FÚN ỌMỌ TÍ KÒ TÍÌ PÉ ỌDÚN 18. Bàbá tó bá fẹ́ mu, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ọmọ tó ń gbé ìgò wálé fún bàbá lónìí, ṣé ẹ mọ ìgbà tí yóò tọ́ ọ wò lọ́nà?

Onílé-ọtí, kí ló wà lógiri tìrẹ? Kọ̀wé sí wa.