Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Ìwé Iṣẹ́ Nípa Ilẹ̀kùn Adènà-Iná

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, iná jó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kogí ní Lọ́kọ́ja, ó sì ba gbọ̀ngàn ìjókòó wọn jẹ́. Irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn adènà-iná wà fún. Kì í ṣe pé iná kò lè jó o láéláé o. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó há iná àti èéfín mọ́ ibì kan títí àwọn ènìyàn yóò fi ráyè sá jáde.

Ìṣẹ́jú la fi ń díwọ̀n rẹ̀. Wọn á gbé ilẹ̀kùn, fírémù, hínjì àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa pọ̀ síwájú iná ìléru, tí ooru rẹ̀ á ti tó nǹkan bí 840°C láàárín ìṣẹ́jú 30. Bí iná kò bá rí ibi yọ títí ìṣẹ́jú yẹn fi pé, FD30 nìyẹn. Èyí tó bá pé wákàtí kan ni FD60. Gbogbo ohun tí wọ́n jọ dán wò ni ìwé-ẹ̀rí náà wà fún. Bí káfíńtà bá wá fi hínjì mìíràn tó rí lọ́jà pààrọ̀ tàkọ́kọ́, ìwé-ẹ̀rí di bébà lásán.

Nítorí náà, ayàwòrán ilé tó kọ “ilẹ̀kùn tí iná kì í jó” sínú ìwé iṣẹ́ kò tíì kọ nǹkan kan. Kó kọ iye ìṣẹ́jú, kó kọ ìlànà ìdánwò rẹ̀, bíi BS 476-22 tàbí EN 1634-1, kó sì béèrè èsì ìdánwò. Lẹ́yìn iná Grenfell Tower tó pa ènìyàn 72 ní London lọ́dún 2017, ọlọ́pàá mú ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn ilé náà lọ fún ìdánwò. Ìṣẹ́jú 30 ló yẹ kó lò. Nǹkan bí 15 ló lò.

Ilẹ̀kùn irin tá à ń rà nítorí olè ńkọ́? Irin kì í jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé ooru kọjá sí ẹ̀yìn. Bí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí, olè nìkan ló lè dènà.

Ẹ wo etí ilẹ̀kùn náà dáadáa. Àlàfo tó wà láàárín òun àti fírémù kò gbọdọ̀ ju mílímítà 4 lọ. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ooru bá kàn án, á wú, á dí àlàfo náà pa. Bí pákó bá wú lákòókò òjò, tí káfíńtà sì fá etí rẹ̀ láìbéèrè, àlàfo á fẹ̀ jù, ọ̀já náà sì lè bá a lọ.

Ìṣòro Lọ́kọ́ja gan-an ni ooru ojú ọjọ́. Ilẹ̀kùn yìí gbọ́dọ̀ máa pa ara rẹ̀ dé, àwọn ènìyàn sì ń fẹ́ atẹ́gùn, ni wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù dá a dúró. Mágínẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ aago iná lè dì í mú ní ṣíṣí. Bí aago bá dún, á jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ, á jọ̀wọ́ rẹ̀ bákan náà. Ẹ kọ bátìrì rẹ̀ mọ́ ìwé iṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ búlọ́ọ̀kù á padà sẹ́nu ọ̀nà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.