Gúrófà igbó ilẹ̀ Ọsirélíà: igi tí àrùn kò jẹ́ kó so mọ́

Ṣáájú ọdún 2010, kò sẹ́ni tó ka Rhodomyrtus psidioides sí igi ọ̀wọ́n ní etíkun ìlà-oòrùn Ọsirélíà. Láti agbègbè Gosford, ní àríwá Sydney, títí dé Gympie ní ìpínlẹ̀ Queensland, ó ń hù káàkiri etí igbó, pàápàá níbi tí igi ńlá bá ti wó tàbí tí wọ́n ti la ọ̀nà. Igi kékeré ni. Lọ́pọ̀ ibi kò ju igbó ṣúúrú lọ, àmọ́ ó lè ga tó mítà 12 bí ó bá ráyè. Òdòdó rẹ̀ funfun, òmíràn a sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, fọ́nrán wẹ́wẹ́ á kún àárín rẹ̀. Èso rẹ̀ a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òórùn rẹ̀ sì dùn. Gúrófà ìbílẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Lónìí, ó ti wà lára àwọn igi tó sún mọ́ ìparun jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, kì í sì í ṣe àáké ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìbátan gúrófà ẹ̀yìnkùlé wa ni lóòótọ́. Ẹbí ewéko tí wọ́n ń pè ní Myrtaceae ló bí àwọn méjèèjì, òun náà ló bí kànáfùrù tí à ń fi sí àgbo àti sóbò, òun ló bí igi eucalyptus. Irú igi tó wà nínú ẹbí yìí káàkiri àgbáyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000, Ọsirélíà sì ni ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, kó ká ewé gúrófà kan, kó gbé e sókè sí oòrùn. Yóò rí tótòtó kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lára ewé náà. Òróró ló wà nínú wọn, òun ló ń ta sánsán nígbà tí a bá fọwọ́ ra ewé ọ̀hún.

Ohun tó ń pa gúrófà igbó yìí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Austropuccinia psidii. Ọdún 1884 ni onímọ̀ ará Jámánì kan, Georg Winter, ṣàpèjúwe rẹ̀ láti ara gúrófà tí wọ́n ká ní Brazil. Ìhà Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, àwọn igi ibẹ̀ sì ti bá a gbé ó pẹ́. Kò dúró síbẹ̀ ṣá. Ó dé Florida ní 1977, ó dé Hawaii ní 2005. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n rí i níbi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó tà ní etíkun New South Wales, ní agbègbè Gosford gan-an, níbi tí ilẹ̀ gúrófà ìbílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti wọ Queensland.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe ọṣẹ́ ló ń dun èèyàn jù. Ewé àgbà kì í sábà mú un, nítorí awọ rẹ̀ ti yi. Ewé tuntun, ọ̀mùnú, ìrudi òdòdó àti èso tútù ló ń wá. Afẹ́fẹ́ á gbé hóró rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, á já sórí ewé tí ìrì tàbí òjò ti sẹ̀ sí. Bí ewé náà bá wà ní títutù fún wákàtí mélòó kan nínú òkùnkùn, tí ooru kò sì pọ̀ jù, tó wà láàárín 15 sí 25 lórí ìwọ̀n Celsius, ó parí. Hóró náà á ta gbòǹgbò wọnú ewé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmì pupa á yọ, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun tó pọ́n bí pupa ẹyin á bò ó. Ọ̀mùnú á ká kò, á rọ, á dúdú. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyẹ̀fun ti ewé kan fi ń di àrùn lára òmíràn.

Nítorí náà igi náà lè dúró fún ọdún mélòó kan pẹ̀lú ewé àtijọ́ lórí, kí ẹni tó ń kọjá lọ rò pé ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n kò tanná mọ́, kò so mọ́. Ewé àtijọ́ ń wọ́, tuntun kò rọ́pò. Bẹ́ẹ̀ gúrófà ìbílẹ̀ mọ̀ nípa bí a ṣe ń sọjí tẹ́lẹ̀: bí wọ́n bá gé e, gbòǹgbò rẹ̀ a máa hù. Ní báyìí, gbogbo èhù tó bá yọ, oúnjẹ àrùn ni. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀. Ti igi yìí, ọmọ ni àrùn ń kọ́kọ́ pa, ìyá á wá máa ná agbára rẹ̀ lórí èhù tí kò ní yè títí okun inú gbòǹgbò á fi tán.

Nínú ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2016, ju ìdajì lọ lára gúrófà ìbílẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ló ti kú. Ọdún mẹ́fà péré ni àrùn náà tíì lò nílẹ̀ yẹn o. Ìbátan igi yìí kan, Rhodamnia rubescens, tí òun náà pọ̀ rẹpẹtẹ tẹ́lẹ̀, ń bá a rìn lọ́nà kan náà. Ìjọba New South Wales fi àwọn méjèèjì sínú àkọsílẹ̀ ewéko tí ewu ìparun wọn le jù ní 2019, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020. Ní 2021, Rod Fensham ti Yunifásítì Queensland àti ẹnì kejì rẹ̀ kọ ọ́ pé irú igi 16 ni àrùn yìí lè mú pòórá nínú igbó láàárín ìran kan ṣoṣo. Iná ńlá tó jó igbó Ọsirélíà ní 2019 sí 2020 tún dá kún un, torí lẹ́yìn iná ni ọ̀pọ̀ igi máa ń hu ewé tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, ewé tuntun sì ni àrùn yìí ń wá.

Kí ni ẹ̀dá lè ṣe? Kò sí bí a ṣe lè fi oògùn apàrùn fọ́n gbogbo igbó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń gé ẹ̀ka lára èyí tó kù, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú ọgbà, bíi ti Mount Annan nítòsí Sydney, níbi tí wọ́n ti lè fín oògùn sí i. Èso ì bá rọrùn láti tọ́jú ju ẹ̀ka lọ, ṣùgbọ́n igi tí kò tanná, níbo ni yóò ti rí èso? Àwọn kan tún ń wá Rhodamnia rubescens tí àrùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn, bóyá ọmọ irú wọn lè dúró. Èyí ni mo fọkàn sí jù, nítorí òun nìkan ló lè dá igi padà sínú igbó láìsí pé ẹnìkan ń fín oògùn sí i títí ayé.

Àrùn náà kò tíì sinmi ìrìn. Ó wọ New Zealand ní 2017, wọ́n sì gbà pé afẹ́fẹ́ ló gbé e sọdá òkun. Ó dé ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ní 2022. Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti rí i: ọdún 2013 ni wọ́n rí i ní South Africa, ẹ̀yà tó sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ọsirélíà. Ẹni tó bá ń kó irúgbìn tàbí ẹ̀ka gúrófà, kànáfùrù tàbí eucalyptus bọ̀ láti òkè òkun, kó jẹ́ kí àwọn aṣọ́bodè ewéko yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá sì rí ìyẹ̀fun tó pọ́n bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀mùnú gúrófà yín, ẹ má gbọn ẹ̀ka náà, ẹ má sì gé e gbé káàkiri. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fi han àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn tó sún mọ́ yín.