Ìwé Ọmọ Tó Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Nílé: Ètò Rẹ̀ Láti Oṣù Owewe Dé Oṣù Ògún

Ní ọdún 1906, ní ìlú Baltimore ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀kọ́ Calvert bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí tó fẹ́ kọ́ ọmọ wọn nílé. Virgil Hillyer, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà náà, ló dá ètò ọ̀hún sílẹ̀. Inú àpótí ni ẹrù ń bá dé ọ̀dọ̀ òbí: ìwé kíkà, bébà, pẹ́ńsù, àti ìwé atọ́nà tó ń sọ ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ lójoojúmọ́.

Lónìí, ọ̀pọ̀ òbí ló ń fọwọ́ ara wọn ṣa ohun tó wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ jọ. Ìwé kan wá láti ọjà, òmíràn jẹ́ bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn sì jẹ́ èyí tí ẹ̀gbọ́n ti lò kọjá. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2020, àìmọye pálọ̀ ló di kíláàsì lójijì, tí ọmọ ń gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Kò pẹ́ tí bébà fi kún ilé. Bébà tí kò sì ní orúkọ àti déètì, lẹ́yìn oṣù méjì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ìdí nìyí tí gbogbo ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí fi dúró lórí àṣà kan ṣoṣo: kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀, déètì àti irú ẹ̀kọ́ sórí bébà kó tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Sáà kìíní: Owewe sí Ọ̀pẹ̀

Ibi mẹ́ta ló tó fún ìwé ọmọ kan. Èkíní ni ti òní: páálí kékeré nítòsí tábìlì, tí ìwé ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ti sáà: fáìlì kan fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni ti ọdún: àpótí oníderí tí wọn kì í ṣí lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ tó bá ti parí á kúrò nínú páálí bọ́ sínú fáìlì. Nígbà tí sáà bá parí, wọ́n á ṣa èyí tó dára jù àti èyí tó fi ìlọsíwájú hàn, wọ́n á kó o sínú àpótí.

Bí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ, àwọ̀ ló ń parí ìjà. Búlúù fún Táíwò, pupa fún Kẹ́hìndé: lórí fáìlì, lẹ́yìn ìwé, títí dé ìdí pẹ́ńsù. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà pàápàá á mọ tirẹ̀.

Ohun èlò kéékèèké ló máa ń sọnù jù. Ilé tó bá ń fi ọmọ ayò kọ́ ìṣirò ní àǹfààní kan níbí. Ojú 12 ló wà nínú ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Kí wọ́n tó kó o pamọ́, ọmọ á dá a sí mẹ́rin-mẹ́rin, á sì kà á. Bó bá kà á tó jẹ́ 46, ó mọ̀ pé méjì wà lábẹ́ àga. Ó ti palẹ̀ mọ́, ó sì ti ka ìlọ́po mẹ́rin. Bákan náà ni fún ìdérí ìgò, káàdì álífábẹ́ẹ̀tì àti pẹ́ńsù aláwọ̀: kí wọ́n kọ iye tó yẹ kó wà nínú ike sára ìdérí ike náà.

Sáà kejì: Ṣẹ́rẹ́ sí Igbe

Ọyẹ́ máa ń gbẹ bébà títí yóò fi ká, eruku rẹ̀ kì í sì í mọ ilẹ̀kùn. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ta bo pẹpẹ ìwé ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lásìkò yìí.

Ọ̀tá tó burú jù ni ikán. Sẹ́lúlóòsì tó wà nínú igi náà ló wà nínú bébà, ìyẹn ni ikán ń jẹ. Láti inú ilẹ̀ ló ti ń mọ ọ̀nà amọ̀ gba ara ògiri wá, ó sì lè jẹ inú ìwé tán kí ẹnikẹ́ni tó rí i lójú. Kí pẹpẹ má fara ti ògiri, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga nílẹ̀, kí wọ́n sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá rí ìlà amọ̀ tínrín lára ògiri, kí wọ́n kó ìwé kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní Maryland, níbi tí ọmọ Yorùbá ti pọ̀, òfin ló ń béèrè irú ètò títọ́jú ìwé ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òbí. Ó kéré tán, ọjọ́ 15 ṣáájú kí ẹ̀kọ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀ ni òbí gbọ́dọ̀ fi tó àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ létí. Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ni wọ́n là sílẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ àwùjọ, iṣẹ́ ọnà, orin, ìlera àti eré ìdárayá. Òbí tó bá wà lábẹ́ àyẹ̀wò ìjọba á tọ́jú ìwé tí ọmọ kà, ohun tó kọ, iṣẹ́ ọnà rẹ̀ àti ìdánwò tó ṣe. Àyẹ̀wò náà kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún. Nítorí náà, fáìlì mẹ́jọ fún ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ló rọrùn jù. Òfin kò sì ní kí òbí má fi ìkẹsàn-án kún un. Ìwé àlọ́ àti iṣẹ́ àmì ohùn Yorùbá lè wà níbẹ̀.

Sáà kẹta: Ẹ̀bibi sí Agẹmọ

Òjò ti dé, bébà sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti ń kọjá ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ pípẹ́, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ike tó ń dé pinpin dára, ṣùgbọ́n kí ìwé gbẹ dáadáa kó tó wọ inú rẹ̀, torí omi tí wọ́n bá dé mọ́ ọn kò ní rí ọ̀nà jáde.

Káńfọ̀ ń lé kòkòrò, àmọ́ èyí tí wọ́n fi naphthalene ṣe lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí èròjà G6PD kò tó lára rẹ̀ jẹ́, àìtó yìí sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Kò yẹ kó sí nínú àpótí tí ọmọ ń ṣí.

Kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì. Nínú orúkọ àwòrán, kí ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn, bíi 2026-05-14-ìṣirò. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ báyìí, bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra ni fóònù á ṣe tò ó.

Ní Pennsylvania, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1988 ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ìwé tí ọmọ ń kà sílẹ̀ bó ṣe ń kà á, kí ọjọ́ ẹ̀kọ́ sì pé 180, tàbí wákàtí 900 fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Òkúdu ni gbèdéke fún ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ iṣẹ́ ọmọ wò. Ìwé ìkọ̀wé kan tí wọ́n pín ojú ewé rẹ̀ sí méjì, déètì lápá kan, orúkọ ìwé lápá kejì, ti tó fún àkọsílẹ̀ yẹn.

Oṣù Ògún: ìsinmi

Oṣù yìí ni ti ìpalẹ̀mọ́. Ìwé kíkà tó ṣì dára á lọ sọ́dọ̀ àbúrò. Ìwé ìkọ̀wé tó ti kún lè di ti ẹlẹ́pà tàbí alákàrà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ya ojú ewé tó ní orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ tàbí nọ́ńbà fóònù ilé kúrò ná.

Fáìlì kan wà tí kì í dé ọwọ́ ọmọ. Ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà NIN, tí JAMB ti ń béèrè láti ọdún 2021, àti ìwé àbájáde ìdánwò gbogbo. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC láìsí nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àǹfààní rẹ̀ wà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lójú kan kò ní í sáré nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ bá ṣí. Kí wọ́n ṣe kọ́pì ohun gbogbo tó wà nínú fáìlì yìí, kí kọ́pì náà sì wà ní ilé mọ̀lẹ́bí kan, kí iná tàbí àgbàrá má baà kó méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.