Síso kẹ̀kẹ́ ìdárayá mọ́ áàpù láìlo wáyà

Síso kẹ̀kẹ́ ìdárayá mọ́ áàpù láìlo wáyà ni ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn lójú kan nínú ilé fi ń bá áàpù orí fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣàn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ìgbì rédíò. Kẹ̀kẹ́ ń sọ fún áàpù bí agbára ẹni tí ó ń gùn ún ṣe tó. Áàpù náà sì ń sọ fún kẹ̀kẹ́ bí ọ̀nà orí ẹ̀rọ ṣe gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ sí, kí pẹ́dàlì lè le tàbí kí ó fúyẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀ yìí ni ó ya irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ ìdárayá àtijọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ mú le. Lára àwọn áàpù tí ó gbajúmọ̀ ni Zwift, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, àti Rouvy, Kinomap àti MyWhoosh.

Ohun tí kẹ̀kẹ́ ń wọ̀n

Nínú ọ̀pọ̀ irú kẹ̀kẹ́ yìí ni àgbá onírin kan wà tí ó wúwo, tí ó sì ń yí bí a ti ń tẹ pẹ́dàlì. Òòfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí agbára òòfà yìí bá ṣe pọ̀ sí lára àgbá náà, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná tí ń ṣẹ̀ nínú irin ṣe ń fà á sẹ́yìn sí. Níwọ̀n bí òòfà kò ti fara kan irin náà rárá, kì í pariwo, kì í sì í tètè gbó.

Kẹ̀kẹ́ a máa ka iye ìgbà tí pẹ́dàlì yí láàárín ìṣẹ́jú kan, a sì máa ṣírò agbára ẹni tí ó ń gùn ún ní ìwọ̀n wáàtì. Wáàtì yìí ni áàpù nílò jùlọ, nítorí òun ni yóò fi mọ bí ẹni náà yóò ṣe yára tó. Ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 75 tí ó ń tẹ wáàtì 225, àti ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 60 tí ó ń tẹ wáàtì 180, wáàtì mẹ́ta fún kìlógíráàmù kan ni ti àwọn méjèèjì. Wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé orí òkè pọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ ẹnì kan bá wá ń bù mọ́ òótọ́, ìdíje ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá eré ìdárayá inú yàrá lásán: ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2020, àjọ UCI, tí ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórí Zwift. Jason Osborne ará Jámánì ni ó borí láàárín àwọn ọkùnrin, Ashleigh Moolman-Pasio ará Gúúsù Áfríkà sì borí láàárín àwọn obìnrin.

Èdè tí wọ́n ń sọ

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀: Bluetooth àti ANT+. Orí ìgbì 2.4 GHz kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Orúkọ Harald, ọba ilẹ̀ Denmark ní ọ̀rúndún kẹwàá, ni wọ́n fi sọ Bluetooth. Ẹ̀yà rẹ̀ tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀, tí kẹ̀kẹ́ ń lò, jáde ní ọdún 2010. Ilé-iṣẹ́ Dynastream ní Kánádà, tí Garmin rà ní ọdún 2006, ni ó ṣe ANT+.

ANT+ dà bí akéde: gbogbo ẹni tí ó bá wà nítòsí ni ó lè gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bluetooth dà bí ẹni tí ń kiri ọjà. Yóò máa polówó títí ẹnì kan yóò fi pè é wọlé. Nígbà tí ó bá ti wọlé tán, àwọn ará ìta kò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ni ó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ lórí Bluetooth lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹ̀rọ méjì gbọ́ ohùn ara wọn kò tó. Wọ́n ní láti gbọ́ èdè ara wọn pẹ̀lú. Ní ọdún 2017 ni àjọ Bluetooth SIG gbé ìlànà FTMS jáde, èyí tí ó jẹ́ kí áàpù èyíkéyìí lè darí kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí tí ó bá tẹ̀ lé e. ANT+ náà ní irú rẹ̀, FE-C. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìkankan nínú méjèèjì lè máa fi iye ìyípo pẹ́dàlì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gùn ún yóò rí òkè lójú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Òmíràn kì í dá ẹlòmíràn lóhùn àfi áàpù ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é; bí ilé-iṣẹ́ náà bá pa áàpù rẹ̀ tì, ohun tí olówó fi owó ńlá rà yóò padà di kẹ̀kẹ́ lásán. Ó yẹ kí olùrà béèrè èyí kí ó tó bi iye owó rẹ̀.

Bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ a máa sùn bí a kò bá lò wọ́n, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ yí pẹ́dàlì díẹ̀. A ó tan Bluetooth fóònù, ṣùgbọ́n a kò ní so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ fóònù níbi tí a ti ń so gbohùngbohùn etí. Inú áàpù gan-an ni a ti ń ṣe é. Bí a bá ṣí ojú ewé ìsopọ̀ áàpù náà, orúkọ kẹ̀kẹ́ yóò hàn, a ó sì yàn án fún agbára, fún ìyípo pẹ́dàlì, àti fún ìdarí. Bí a bá gbàgbé ti ìdarí, òkè kò ní le. Lórí fóònù Android 11 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, áàpù yóò tọrọ àyè láti mọ ibi tí ènìyàn wà, nítorí pé wíwá Bluetooth lè tú ibi náà fó. Ẹni tí ó bá kọ̀ kò ní rí kẹ̀kẹ́ kankan.

Bí kẹ̀kẹ́ kò bá hàn rárá, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fura sí ni fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì mìíràn nínú ilé tí ó ti gbà á mú láìmọ̀. Kí a pa áàpù tó wà lórí èyíinì, tàbí Bluetooth rẹ̀. Bí ó bá ń já lẹ́yìn tí ó ti so, Wi-Fi àti ẹ̀rọ máíkrówéfù tí a fi ń gbé oúnjẹ gbóná wà lórí ìgbì 2.4 GHz yẹn pẹ̀lú, omi ara ènìyàn sì ń gbé ìgbì náà mì. Gbígbé fóònù tàbí kọ̀ǹpútà sún mọ́ kẹ̀kẹ́, sí ibi tí ara ẹni tí ó ń gùn ún kò ti dí i, máa ń tó nígbà púpọ̀. Ẹni tí ó ń lo ANT+ lórí kọ̀ǹpútà lè fi okùn USB gígùn gbé ohun tí ń gba ìgbì náà wá sí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́.