Tutù: Bí Ojú Ọmọ Ọba Ifẹ̀ Ṣe Di Mímọ̀ Káyé



Ní àwọn ọdún 1970, ẹ̀dà àwòrán kan wọ pálọ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà: ọ̀dọ́mọbìnrin tó wé gèlè, ọrùn rẹ̀ gùn, ó yíjú sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tí a pè. Tutù ni a ń pè é. Adétutù Adémilúyì ni, ọmọ ọmọ Ọọ̀ni Ifẹ̀ kan. Ben Enwonwu, ọmọ Ìbò ará Onitsha, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ni ó yà á.

Ẹ rántí pé ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé wa parí. Ní 1973, ọmọ Ìbò yìí lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ ẹbí ọmọ Yorùbá láti ya ojú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi rí àwòrán náà bí àmì ìrẹ́pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó yà á. Ní 1994 tí Enwonwu kú, olè gbé èyí tí ó wà nílé rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó bá nù a máa gbayì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Mona Lisa tí Leonardo da Vinci yà. Ní 1911, olè gbé e ní Louvre ní Páríìsì. Àwọn ènìyàn sì ń tò láti wo ibi tí ó ṣófo lára ògiri! Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó rí i. Abájọ tí òǹkọ̀wé Ben Okri fi pe Tutù ní Mona Lisa ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní 2017, wọ́n rí ọ̀kan nínú ilé ìdílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onílé kò mọ iye tí ó tó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2018, ilé gbàǹjo Bonhams tà á. Wọ́n ti fojú bù ú sí £200,000 sí £300,000. £1,205,000 ni ó tà.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ìyá bàbá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níhìn-ín, a rí fọ́tò obìnrin kan nínú àpótí wọn, ọmọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó jẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti lọ tán.

Orúkọ ni a fi mọ Tutù. Ẹ mú àwọn fọ́tò ilé yín sọ̀ kalẹ̀ lónìí, kí ẹ bi ìyá àgbà léèrè nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn wọn.