TA LÓ Ń PA IGI MÁŃGÒRÒ YÍN? Ẹ MÁ TÍÌ PARIWO ÀJẸ́ O!

Bí oòrùn ọ̀sán bá mú ganrínganrín, ta ni kì í sá sábẹ́ igi máńgòrò? Abẹ́ rẹ̀ ni télọ̀ gbé máṣíìnì sí, ibẹ̀ ni ìyá oníṣu sísun ń dáná sí, kò sì sẹ́ni tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí orí igi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, aráalé á ní àwọn àgbà ti ń ṣèpàdé lórí ẹ̀. Irọ́ ni jàre! Ẹ wo ìdí rẹ̀ ná.

Sìmẹ́ńtì ni olórí ọ̀tá. Bí baálé bá ti rówó, á ní kí wọ́n da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá títí kan ara igi. Gbòǹgbò ń mí bí èèyàn ṣe ń mí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fa omi kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé wọn mọ́lẹ̀, ibo ni afẹ́fẹ́ àti òjò fẹ́ gbà wọlé? Ó lè tó ọdún mélòó kan kó tó hàn lórí igi, ìdí nìyẹn tẹ́nì kan kì í fi í rántí birikilà.

Àwọn mẹkáníìkì ńkọ́? Ìdí igi ni wọ́n ń da ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù sí. Ibẹ̀ náà làwọn ọmọ ti ń sun pàǹtí. Alágbo á tún wá bó èèpo fún àgbo ibà. Díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kì í pa á, àmọ́ ẹni tó bá bó o yípo ti sìnkú ẹ̀ nìyẹn, torí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà sọ̀kalẹ̀ wá bọ́ gbòǹgbò.

Àfòmọ́ náà wà lókè. Wọ́n ní kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan, ṣùgbọ́n ìbátan olè ni: omi ẹ̀ka ló ń fà mu. Tẹ́ ẹ bá já ewé rẹ̀ lásán, á tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka ọ̀hún, bí ẹsẹ̀ bàtà 1 sísàlẹ̀ ibi tó lẹ̀ mọ́.

Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó ní àwọ̀ ewé, ó ṣì wà láàyè. Ẹ rọra fọ́ sìmẹ́ńtì kúrò, ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ tó nípọn tó ìnṣì 3, kó má kan ara igi, kí èèpo má bàa rà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sàn ju kéréje lójoojúmọ́ lọ. Ibi tí ẹ̀ka nà dé ni kẹ́ ẹ bu ú sí, kì í ṣe ìdí igi. Ẹ má sì sáré da ajílẹ̀ sí i. Ta ló ń gbé iyán fún ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀?

Ẹni tó ní igi furúùtù kó má dààmú tí ewé rẹ̀ bá pọ́n wẹ̀ẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó sì wọ́ dànù: ìṣe rẹ̀ ni, á tún rúwé.

Ẹ̀ka gbígbẹ tó wà lókè orí ìyá oníṣu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé, kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó wá gé e. Tí inú igi náà bá ti dihò, tó ń dún gbọn-in tẹ́ ẹ bá lù ú, ẹ yáa pe agégi, kí télọ̀ sì kó máṣíìnì rẹ̀ kúrò níbẹ̀ lónìí.