Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwo tí ẹnikẹ́ni ò ti kọrin

Ọdún 2017 ni Tony Allen, ọmọ Èkó tó lulù fún Fẹlá láti 1964 sí 1979, gbé àwo The Source jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo orin Blue Note. Jáàsì ni, ohùn èlò nìkan. Òun àti Yann Jankielewicz, afunfèrè, ni wọ́n jọ ṣe àwọn orin náà.

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, bí ilẹ̀ bá ń ṣú bọ̀ lórí òkè Olósunta, ẹ gbé e sí i. Ẹ fetí sí àwo irin méjì tí Allen ń fẹsẹ̀ ṣí, tó ń fẹsẹ̀ pa dé. Nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ló ti ka ọgbọ́n yẹn, látọwọ́ onílù jáàsì Max Roach. Ìlù rẹ̀ kì í pariwo rárá. Ńṣe ló ń rọra sọ̀rọ̀ lábẹ́ fèrè.